Ilé tí a Kọ́ fún Ẹ̀rọ, tí Ènìyàn Wá ń Gbé

Àwọn àgbà wa ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n oríṣi ilé kan wà ní ìlú òyìnbó tí ó jẹ́ pé oko gan-an ni ilé náà tẹ́lẹ̀ rí: ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi ìsinmi. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Òmíràn jẹ́ ibi tí a ti ń rán aṣọ, tí a ti ń ṣe ìṣáná, tàbí tí a ti ń tẹ ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ kúrò nínú wọn, àwọn onílé gé wọn sí fúláàtì, wọ́n sì ń fi wọ́n háyà fún tọkọtaya. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa obìnrin tí wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn lọ sí London ni wọ́n ń bá irú ilé bẹ́ẹ̀ pàdé nígbà tí wọ́n bá ń wá ibùgbé. Èmi náà gbé inú ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ibẹ̀ ni a sì wà nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú ilé bẹ́ẹ̀ lè mọ ohun tí yóò bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn ilé wọ̀nyí ṣe di ibùgbé. Ní ìlà-oòrùn London, lẹ́bàá odò Thames, ni ọkọ̀ òkun ti máa ń já ẹrù sílẹ̀ láyé ìgbà kan. Ẹ̀gbẹ́ odò náà kún fún ilé ìkẹ́rùsí alábíríkì, àwọn ilé iṣẹ́ sì tò lẹ́yìn wọn. Nígbà tí àpótí irin ńlá tí à ń pè ní kọ̀ńtéńà dé, tí ọkọ̀ tí ń kó o sì tóbi ju ibùdó àtijọ́ lọ, àwọn ibùdókọ̀ London bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọdún 1967 títí di ọdún 1981. Àwọn ilé náà ṣófo. Àwọn ayàwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ wọ inú wọn, nítorí pé owó ilé kò wọ́n níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní àdúgbò SoHo ní New York, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní ọdún 1982 pé kí àwọn onílé tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n tí ó yẹ ibùgbé ènìyàn, kí iná má bàa pa ẹni tí ó sùn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ayàwòrán ni àwọn olówó dé, owó ilé sì gòkè.

Ní àdúgbò Bow, tí kò jìnnà sí ibi tí a gbé, ilé ńlá alábíríkì pupa kan wà ní Fairfield Road. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ìṣáná Bryant and May ni. Ní oṣù Keje ọdún 1888, àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin tí wọ́n tó 1,400 pa iṣẹ́ tì níbẹ̀, nítorí owó ìtanràn tí a ń yọ lára owó iṣẹ́ wọn, àti nítorí pé ibi tí èròjà olóró wà náà ni wọ́n ti ń jẹun. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun ni èròjà náà; a máa jẹ egungun àgbọ̀n ẹni tí ń fi í ṣiṣẹ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti borí: a fagi lé owó ìtanràn, a sì gbà láti fún wọn ní yàrá ọ̀tọ̀ tí wọn yóò ti máa jẹun. Ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 1979, ó sì di fúláàtì tí ó lé ní 700. Nígbàkigbà tí mo bá ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kọjá níwájú rẹ̀, a máa wá sí mi lọ́kàn pé àwọn obìnrin ní láti jà lórí ilẹ̀ yìí kí a tó gbà pé ènìyàn ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ mi kò jìnnà sí tiwọn. Ilé tí a kọ́ fún iṣẹ́ kì í fúnra rẹ̀ ro ti ènìyàn. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò mú kí ó rò ó.

Ibi tí a ti ń rán ẹ̀wù òtútù ni ilé tiwa tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí a lọ wò ó, inú ọkọ mi dùn bí ti ọmọ tí a fún ní àkàrà. Àjà rẹ̀ ga ju ènìyàn méjì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì lọ. Fèrèsé rẹ̀ tó ìlẹ̀kùn mẹ́rin. Yàrá ńlá kan ṣoṣo ni, láìsí ògiri láàárín rẹ̀, òpó irin mẹ́rin sì dúró gbọin-gbọin bí olórí ẹbí. Ní igun kan, a kan pákó mọ́ agbedeméjì ògiri bí pẹpẹ gíga, a fi àtẹ̀gùn gùn ún. Orí rẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa sùn.

Ọkọ mi ní, “Ìyá Tinúkẹ́, wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọlé! Ọmọ yóò rí ibi sáré.”

Mo ní, “Òótọ́ ni, Bàbá Tinúkẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wo òkè yẹn.”

Ẹ̀yin arábìnrin mi, kò sí ohun kan tí ó wuni lára irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ní ìdí tirẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tóbi nítorí pé kí iná mànàmáná tó wọ́pọ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni òṣìṣẹ́ fi ń rí ojú abẹ́rẹ́. Kò ní ògiri láàárín nítorí pé ìlà ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ tò síbẹ̀, àti kí ojú ọ̀gá lè tó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó irin wà níbẹ̀ láti gbé ìwúwo ẹ̀rọ àti ẹrù. A kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn nítorí ọmọ ọwọ́, tàbí nítorí ẹni tí ń wá oorun. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti wò ó, ẹ fi ojú ìyá wò ó, ẹ má ṣe fi ojú àlejò wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí orí yín bá orí ọmọ dọ́gba, kí ẹ wo ohun tí òun yóò rí.

Ohun tí èmi rí nìyí. Irin tí ó dábùú etí pẹpẹ òkè náà fẹ̀ láàárín tó bẹ́ẹ̀ tí Tinúkẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà, ìbá fi gba àárín wọn já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìlànà ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé àlàfo irú irin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù tí ó fẹ̀ tó mílímítà 100, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, gíga ìdábùú náà kò sì gbọdọ̀ dín sí mílímítà 900. Bákan náà ni ìsàlẹ̀ fèrèsé sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ lè gun un, kò sì sí ohun tí ó dá a dúró kí ó má ṣí gbayawu. Mo sọ fún aṣojú onílé pé kí wọ́n tún ibi méjèèjì ṣe, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn mẹ́ta mìíràn ń dúró de ilé náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn láàárín èmi àti ọkọ mi. Ilé náà kò jìnnà sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òru, ẹ̀rù sì ń bà á kí ó má bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ní kí a kọ́kọ́ wọlé ná, kí a máa bẹ onílé lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó ti gba owó kì í tètè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ilé mìíràn wà ní London. Tinúkẹ́ mìíràn kò sí.” Kò fèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó pe aṣojú onílé lórí ẹ̀rọ, tí ó ní láìsí irin náà, a kò ní fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, onílé gbà. A rí irin tuntun náà pẹ̀lú ojú wa kí ẹrù wa tó dé.

Ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ni ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Ó wọ́pọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin ibi iṣẹ́, tí onílé sì ń fi í háyà fún ẹni tí ó fẹ́ sùn síbẹ̀. Bí ìwé náà bá sọ pé ibi iṣẹ́ ni, ààbò tí òfin fún ayálégbé ilé gbígbé lè máà kàn yín bí ó ti yẹ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ kánsù bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ibùgbé. Ẹ wò ó bóyá agogo tí ń ké bí èéfín bá sọ wà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ní ti owó ìdógò, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, bí owó ilé ọdún kan kò bá tó 50,000 pọ́n-ùn. Láàárín ọjọ́ 30, onílé gbọ́dọ̀ fi owó náà sábẹ́ ìdáàbòbò àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Bí òtútù ṣe dé ni a mọ ohun tí àjà gíga túmọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, tútù a sì máa dúró nílẹ̀. Nítorí náà, ooru tí a fi owó rà lọ ń yá àjà nígbà tí ọmọ ń gbọ̀n lórí ẹní. Díńgí fèrèsé wa jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kì í ṣe onípele méjì, nítorí pé ní àdúgbò tí ìjọba ń pa ìrísí ilé àtijọ́ mọ́, onílé lè nílò ìyọ̀ǹda kí ó tó pààrọ̀ fèrèsé. Ẹ bèèrè ìwé tí ó ń fi hàn bí ilé ṣe ń pa ooru mọ́ sí: láti A dé G ni wọ́n ń kà á, A ni ó dára jù. A kò gbọdọ̀ fi ilé tí kò tó E háyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi èyí tí òfin bá yọ̀ǹda. Ẹ bèèrè pẹ̀lú iye tí ẹni tí ó gbé ibẹ̀ ṣáájú yín san fún iná àti gáàsì ní oṣù Kìíní. Iye náà yóò sọ òtítọ́ tí aṣojú onílé kò ní sọ. Kọ́tìnnì tí ó nípọn, tí ó ti òkè kanlẹ̀, àti kápẹ́ẹ̀tì ni ó gbà wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ìyá mi ti Ìbàdàn wá láti wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun. Bí ó ti wọlé, ó gbójú sókè, ó wo àjà, ó wo òpó irin, ó ní, “Ta ni ó ń gbé ibí tẹ́lẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, kò sí ẹni tí ó gbé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ọ fún.”

Ó mi orí, ó ní, “Kò burú. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ènìyàn ti dé.”

A bí Wálé ní oṣù Kìíní, a sì sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó dára: ọjọ́ náà ni mo mọ rírì ilé náà. Àlejò tí ó lé ní ogójì jókòó pa pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo náà, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó, kò sì sí ẹni tí ó dúró síta. Fúláàtì mélòó ní London ni ó lè gba irú èyí? Tinúkẹ́ pẹ̀lú ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré rẹ̀ yí àwọn òpó ká bí ẹni tí ó wà ní pápá.

Àfi bí àrùn Kòrónà ṣe gbòde. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí olúkúlùkù jókòó sí ilé. Ọjọ́ kan náà ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti òkèèrè, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ìyá mi kò lè padà sílé. Àwa márùn-ún ni a wà nínú yàrá kan tí kò ní ògiri. Ọkọ mi a ti ibi iṣẹ́ dé ní òwúrọ̀, ojú rẹ̀ a ti pọ́n, ìbẹ̀rù àrùn a wà lára rẹ̀. Bí ó bá gun òkè lọ sùn, ohùn ìsàlẹ̀ ni ohùn òkè. Wálé a ké, Tinúkẹ́ a kọrin, abọ́ a ró. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun yóò lọ máa sùn nínú mọ́tò. Kì í ṣe ẹni tí ń bínú, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí wọ inú egungun. Ẹni tí kò sùn tí ó sì ń tọ́jú aláìsàn ní òru wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláìsàn rẹ̀.

Ìyá mi ni ó rí ọ̀nà. Ó ní, “Ṣé aṣọ ni wọ́n ń rán níbí? Aṣọ náà ni a ó fi là á.” Ó kó àǹkárá tí ó mú wá, ó kó búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó fi àǹkárá bò wọ́n lójú méjèèjì, a jọ rán wọn papọ̀ ní alẹ́ mẹ́fà, a sì fi okùn nà wọ́n láti òpó dé òpó. A to kọ́bọ́ọ̀dù tí ó kún fún aṣọ sí ìdí rẹ̀. Ohun rírọ̀ tí ó nípọn a máa gbé ariwo mì. Ògiri bíríkì àti pákó lásán a máa dá a padà. A kó àwọn ọmọ lọ sí ìkángun kejì láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Kò di ìdákẹ́rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi sùn.

Ibi tí a ti ń palẹ̀ mọ́ fún aṣọ náà ni ìyá mi ti rí abẹ́rẹ́. Láàárín pákó ilẹ̀ ni ó wà, ọ̀kan, èjì, títí ó fi kún ìdérí ìgò: abẹ́rẹ́ àti píìnì tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ láti ọdún gbọ́nhan. Wálé kò tíì máa rá nígbà náà. A fi irin òòfà fa gbogbo àlàfo pákó náà, a sì fi kápẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Nítorí náà, ẹ bèèrè ohun tí a ti ń ṣe nínú ilé kí ẹ tó gbé ọmọ kalẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí a ti rán aṣọ lè ní abẹ́rẹ́. Ibi tí a ti kùn nǹkan tàbí tí a ti yọ́ irin lè ní òjé nínú ọ̀dà àti eruku rẹ̀, òjé kò sì dára fún ọpọlọ ọmọdé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, lẹ́yìn tí ìyá mi ti padà sílé, mo rí i pé ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ń bu, ohun dúdú sì ń hù lára rẹ̀. Wálé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Aṣojú onílé ní oúnjẹ tí a ń sè àti aṣọ tí a ń sá nínú ilé ni ó fà á. Òótọ́ ni pé oru omi a máa fa ọ̀rinrin, nítorí náà a máa ń ṣí fèrèsé bí a bá ń se àmàlà. Ṣùgbọ́n ibi tí ògiri náà ti ń bu wà lábẹ́ ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lórí òrùlé, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí òjò bá rọ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo kọ déètì sí i, mo kọ lẹ́tà sí onílé, mo sì kọ sí kánsù. Ẹni tí kánsù rán wá fi ẹ̀rọ wọn ògiri náà, ó ní láti ìta ni omi ti ń wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ògiri yìí ti lanu, omi sì ni aláǹgbá rẹ̀. Onílé tún un ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2021, ikọ́ ọmọ sì lọ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ògiri tí ń bu ṣeré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 kan náà, ọmọ ọdún méjì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní ìlú Rochdale, ìwádìí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2022 sì fi hàn pé irú ohun dúdú bẹ́ẹ̀, tí ó mí símú nínú ilé wọn, ni ó ṣe okùnfà ikú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ráhùn títí. Láti oṣù Kẹta ọdún 2019 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún ayálégbé ní agbára láti pe onílé lẹ́jọ́ bí ilé kò bá yẹ fún ènìyàn láti gbé. Ìwé àti àwòrán ni ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán a máa fò lọ.

Ẹ̀yin ìyàwó, èmi kò ní kí ẹ má gba irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ yín bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ jọ lọ wò ó, ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì tún lọ ní alẹ́ láti gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí a kọ́ ọ fún, ẹni tí ó sọ ọ́ di ibùgbé, àti ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí onílé ṣe ipa tirẹ̀ nínú ìwé kí ẹ tó san owó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣe tiyín pẹ̀lú abẹ́rẹ́, aṣọ àti ọgbọ́n. Àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé wọ̀nyí kò rí ìsinmi níbẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín rí i.